Ègé Kan, Òkè Kan

Nígbà tí ọkùnrin yìí sanra, kò sí ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó òun fúnra rẹ̀. Àgbá ni wọ́n ń pè é nílé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti yàrá òkè tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, àwọn òṣìṣẹ́ á pariwo pé, "Ẹ yà lọ́nà o, Àgbá ń yí bọ̀!" Òun náà á fọwọ́ gbá ikùn rẹ̀ pàà, á ní fúláwà tó wà nínú òun nìkan tó ṣe búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rín á sọ. Ìyẹn tẹ́lẹ̀ o. Ní báyìí, Ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọ ohun tí èèyàn lè fi rẹ́rìn-ín mọ́.

Òun ni ọ̀gá ààrò. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ni ilé búrẹ́dì náà, Màmá ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Màmá ti dàgbà, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé àga fún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń kẹ́rù. Ó ní òfin kan tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn: búrẹ́dì kì í jáde nílé òun láìjẹ́ pé ẹnu ti kàn án. Èyí tó bá kọ́kọ́ ti inú ààrò bọ́ síta, ọ̀gá ààrò ló máa bù ú, á jẹ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn, á gbé e mì, á wá ní, "Ó jáde." Ìgbà náà ni àwọn awakọ̀ á tó bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́rù. Bí wọ́n bá wá rí àbùkù kan lára búrẹ́dì ọjọ́ náà, ọrùn ẹni tó jẹ ẹ́ ló wà. "Ojú lè tanni jẹ, imú lè tanni jẹ," Màmá á sọ, "ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun kì í parọ́."

Dókítà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, kò sì burú bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ̀ ọ́ lára, èémí rẹ̀ ń gé bó bá gun àtẹ̀gùn. Dókítà ní, "Bàbá, ẹ dín jíjẹ kù, kí ẹ sì máa rìn, àbí kí ẹ máa dágbére fáwọn èèyàn yín." Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú, igbó bò ó, ọ̀nà tóóró kan gba inú rẹ̀ lọ, òkúta àti gbòǹgbò igi ló kún ún. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí búrẹ́dì bá ti lọ tán. Nígbà tó yá, ìrìn di eré. Inú ìyàwó rẹ̀ dùn débi pé ó ra aago ọwọ́ kan fún un, irú èyí tó máa ń sọ bí ọkàn ṣe ń lù, tó sì máa ń sọ iye kálórì, ìyẹn agbára oúnjẹ, tí ara ti sun dànù lẹ́nu eré. Ìyàwó ló bá a tẹ ọjọ́ orí rẹ̀, gíga rẹ̀ àti ìwọ̀n ara rẹ̀ sínú fóònù tó ń darí aago náà, torí ọkọ rẹ̀ àti fóònù, ológbò àti eku ni.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ aago yẹn gun òkè, ó délé pẹ̀lú òógùn tó ń kán tótótó. Ìyàwó wo iye tó wà lójú aago, ó wo ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá búrẹ́dì wọn, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Dádì, ègé méjì lẹ sun o!"

"Ègé méjì kẹ̀? Pẹ̀lú gbogbo ikú tí mo kú yìí?"

"Ègé méjì péré. Bọ́tà ò sí níbẹ̀ o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àṣé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Torí ọ̀rọ̀ ègé méjì yẹn wọ ọkùnrin náà lọ́kàn, ó sì kọ̀, kò jáde. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, dókítà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àwọn aládùúgbò ní ó ti padà di ọ̀dọ́. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, n kì bá tí ní ìtàn kankan í sọ. Àmọ́ àṣejù, baba àṣetẹ́. Kò pẹ́ tí kò fi lè wo oúnjẹ kó rí oúnjẹ mọ́, òkè ló ń rí. Ègé búrẹ́dì kan, láti ẹnu igbó dé odò kékeré ni. Ṣíbí bọ́tà kan, ìgòkè àkọ́kọ́ ni. Ẹyin tí ìyàwó bá fi òróró dín, háà! Ìyẹn di orí àpáta.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, aago náà gan-an, kò fọkàn tán an. Aago kò mọ òkè, ọrùn ọwọ́ ló mọ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti tẹ́jú, tó ń sáré gìrìgìrì, aago á ka ọ̀pọ̀. Níbi tí òkè bá ti dúró ṣánṣán, tó ń fọwọ́ ti orúnkún gùn ún bí arúgbó, ibi tó ti ń kú gan-an, aago á ka bín-ín-tín. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fojú díwọ̀n tirẹ̀. Ó fi díẹ̀ kún un fún òkúta, ó fi díẹ̀ kún un fún gbòǹgbò, sísọ̀kalẹ̀ kò kà á sí rárá. Bó bá wá rò ó tán, ẹ̀rù á bà á pé òun ti ṣojúure sí ara òun jù, á gé e sí méjì, á ju ìdajì nù. Èyí tó jẹ ńkọ́? Ìyẹn, ìlọ́po méjì ló ń kà á. Ẹ gbà mí o! Ẹni tó ń fi agbọ̀n pọn omi, ìgbà wo ni ìkòkò rẹ̀ fẹ́ kún?

Òjò ń rọ̀, ó ń lọ. Ọrùn ẹsẹ̀ wú, ó fi aṣọ dì í, ó ń lọ. Òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú nínú balùwẹ̀, ó dìde, ó ń lọ. Nígbà tí àbígbẹ̀yìn wọn gboyè jáde ní ìlú mìíràn, ó dìde nídìí tábìlì tí gbogbo èèyàn ti ń jẹun, ó lọ ń gun àtẹ̀gùn hòtẹ́ẹ̀lì lọ sókè bọ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ọmọ wá a débẹ̀. "Dádì, ta lẹ ń sá fún?" Ó ní òun kàn ń na ẹsẹ̀ ni. Kí n sòótọ́ fún yín, eré náà kò wù ú mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ohùn ẹyẹ lórí òkè yẹn, iye nìkan ló ń gbọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń wù ú kó yí padà ní ìdajì ọ̀nà, kó relé lọ sùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà fún un. Ṣe ló dà bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn, tó ń yí èèkàn náà po títí okùn fi tán.

Ibi tó ti wá burú ni búrẹ́dì àkọ́jáde. Gbígbóná ni, bọ́tà wà nínú rẹ̀, kò sì sí bó ṣe lè yẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń gbé e mì, á sì fi òkè gbà á padà lọ́sàn-án. Nígbà tó yá, ó dá ọgbọ́n kan. Á bu búrẹ́dì sẹ́nu, á fi há ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí oògùn kíkorò, kò ní jẹ́ kó kan ahọ́n, torí bó bá fi lè kan ahọ́n, ọ̀fun á fà á wọlé. Á máa mi àgbọ̀n, á mi orí, á ní, "Ó jáde." Á wá kọjú sí ààrò, á fi táwẹ̀lì ọrùn rẹ̀ nu òógùn ojú, inú táwẹ̀lì náà ni búrẹ́dì á sì gbà lọ. Ta ló fẹ́ fura? Òógùn kì í tán lójú ẹni tó ń dúró ti iná.

Ẹni tó ń po fúláwà fún un ni Aláriwo. Orúkọ rẹ̀ ló ro ó: bí ẹ̀rọ bá ń pariwo, ohùn orin rẹ̀ á borí ti ẹ̀rọ. Ọ̀gá ló kọ́ ọ níṣẹ́ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí Aláriwo ṣe ń na ọwọ́ sí iyọ̀, ìyàwó rẹ̀ pè é lórí fóònù pé ara ọmọ wọn kékeré gbóná. Ó jáde lọ gbọ́ ọ. Nígbà tó wọlé padà, ọkàn rẹ̀ ti wà nílé, ló bá tan ẹ̀rọ. Kò rántí iyọ̀ mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Búrẹ́dì tí kò níyọ̀ máa ń wú ní ìwúkúùwú, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sì í pọ́n. Ọ̀gá rí i pé kò pọ́n. Ó rò pé ààrò ni kò gbóná tó. Ká ní ó jẹ́ kó kan ahọ́n ni, ojú ẹsẹ̀ ni wọn ì bá ti mọ̀. Ó fi há ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó mi àgbọ̀n, ó ní, "Ó jáde."

Ó jáde lóòótọ́. Kí oòrùn tó mú, ó ti ń padà bọ̀. Obìnrin tó ń bójú tó oúnjẹ àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn ló kọ́kọ́ dé, ó ru páálí rẹ̀ sórí. "Ṣé búrẹ́dì rèé àbí òwú? Àwọn aláìsàn mi tí dókítà ní kí wọ́n má jẹyọ̀ gan-an, àwọn ló ń bi mí pé iyọ̀ dà!" Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onísọ́ọ̀bù ń tò wọlé níkọ̀ọ̀kan. Màmá bu ọ̀kan, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé e mì. Ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá.

"Ta ló pò ó?"

"Èmi ni, Màmá." Aláriwo bọ́ síwájú. "Fóònù ló pè mí. Mi ò rántí bóyá mo da iyọ̀ sí i. Bóyá mo gbàgbé ni. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

"Ìgbàgbé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀," ni Màmá wí. "Nítorí ìgbàgbé ni mo ṣe ní kí ẹnìkan máa jẹ ẹ́." Ó wá yíjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé o jẹ ẹ́?"

Gbogbo ojú yí sí i. Táwẹ̀lì wà lọ́rùn rẹ̀, ó tutù, ó wúwo.

"Mo jẹ ẹ́, Màmá."

"O gbé e mì?"

"Mo gbé e mì."

"Ó níyọ̀?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìtìjú ló dé sí i, ojú ló ń tì í pé kí Aláriwo àtàwọn awakọ̀ mọ̀ pé àgbàlagbà bíi tòun ń tu oúnjẹ sínú aṣọ. Ó ní, "Ó níyọ̀."

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀rọ̀ kékeré dá sílẹ̀. Màmá rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí àkọ́jáde bá níyọ̀, tí ìyókù kò sì ní, a jẹ́ pé ìpò méjì ni wọ́n pò. A jẹ́ pé Aláriwo po èyí tó dáa sọ́tọ̀ fún ẹnu ọ̀gá, ó sì po jákujàku fún ará ìlú. "Ìyẹn kì í ṣe ìgbàgbé mọ́," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ẹ̀tàn nìyẹn. Mo lè forí ji ẹni tó gbàgbé. Mi ò lè bá ẹlẹ́tàn ṣiṣẹ́. Aláriwo, fọ ẹ̀rọ rẹ mọ́. Lọ́la, wá gba ẹ̀tọ́ rẹ, kí o máa lọ."

Aláriwo, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó wo ojú ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. "Ọ̀gá, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí." Ọ̀gá ń wo bàtà rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó já síbi tí wọ́n ti ń tajà, kò wo Aláriwo, kò wo Màmá. Táwẹ̀lì tó wà lọ́rùn ọkọ rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Bí ọkọ ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyàwó yọ ọ́ lọ́rùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ká a, ó sì mú un lọ.

Lọ́jọ́ yẹn, ọkùnrin náà tètè lọ sórí òkè. Kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó fẹ́ lọ sun níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Láti ẹnu igbó dé odò, ó ka tirẹ̀, ó gé e sí méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ ìgòkè. Bó bá ka díẹ̀, ojú Aláriwo á yọ, iye á dàrú, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí iye tó ti dàrú, kò sẹ́ni tó lè gbà á gbọ́. Nígbà tó dé orí àpáta, aago ní ó ti tó. Ó ní kò tíì tó. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, ó tún un gùn. Níbẹ̀ ni òòyì ti kọ́ ọ, ó jókòó gbọ̀ọ́ sórí gbòǹgbò kan, ojú rẹ̀ ṣú. Kò tíì mí délẹ̀ tí aago fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tó dúró. Ó sì dìde o! Àgbàlagbà tó lọ́mọ, tó níyàwó, nǹkan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ní kó dìde, ó dìde.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ti tẹ́ tábìlì. Búrẹ́dì tí kò níyọ̀ yẹn ló wà níbẹ̀, ó ti bù ú sí méjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ táwẹ̀lì àárọ̀ sílẹ̀, ó ṣí i, ìṣù búrẹ́dì tó ti gan sì wà láàárín rẹ̀.

"Ẹ jókòó."

"Jẹ́ kí n wẹ̀ ná."

"Dádì, mo ní ẹ jókòó."

Ó jókòó.

"Táwẹ̀lì yín, ta lẹ rò pé ó ń fọ̀ ọ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọn búrẹ́dì kúrò lára rẹ̀. Mo ń rò ó pé ẹ máa tó jáwọ́, mo ń pa á mọ́ra. Lónìí, ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bà. Àbí ta ni Aláriwo sí wa?"

Ó ká etí táwẹ̀lì bo ìṣù náà.

"Nǹkan mìíràn tún wà." Ìyàwó gbé ọwọ́ lé tábìlì. "Aago yẹn, mo ti yí i. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣubú nínú balùwẹ̀, mo wọ inú fóònù, mo dá ìwọ̀n ara yín padà sí ti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè yín ní Àgbá. Ẹni tó bá wúwo, ohun tí aago máa ń rò ni pé ó ń sun ohun púpọ̀. Mo fẹ́ kó máa tètè sọ fún yín pé ó ti tó, kí ẹ lè máa tètè bọ̀ wálé."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, bí wọ́n bá sọ irú èyí fún yín, kí lẹ máa ṣe? Ẹlòmíràn á sunkún. Ẹlòmíràn á dìde, á di ìyàwó rẹ̀ mú, torí ìfẹ́ wo ló tún kù? Ohun tó jáde lẹ́nu ọkùnrin yìí ni pé, "Láti ìgbà balùwẹ̀?" Ojú rẹ̀ ti fò lọ sókè, ètè rẹ̀ ti ń ka iye. Gbogbo iye tó ti kà láti ìgbà náà, irọ́ ni. Gbogbo ohun tó rò pé òun ti sun, ó ṣì wà lára òun. Gbogbo ohun tó jẹ, kò tíì lọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Tirẹ̀ ju ebi lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá okùn bàtà lábẹ́ tábìlì.

"Mò ń sọ fún yín pé ẹ̀rù ń bà mí kí n má di opó," ìyàwó rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ já, "ẹ̀yin ń ṣírò!"

Ó dìde, ó sọ̀ kalẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn wọn, ilẹ̀kùn méjì ló wà: ọ̀kan já sí ìgboro, èkejì já sí ilé búrẹ́dì. Ó gbọ́ ohùn irin tó ń ha irin lẹ́yìn ilẹ̀kùn kejì. Aláriwo ni, ó ń fọ ẹ̀rọ rẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn, kò sì kọrin. Ẹ̀rọ yẹn kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Bí ọkùnrin náà bá jáde sí ìgboro, òkè ló ń dúró dè é. Bó bá wọ ilé búrẹ́dì, Aláriwo ni. Bó bá padà sókè, táwẹ̀lì wà lórí tábìlì. Kò lè lọ síbì kankan. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi orí ti ògiri, títí tó fi gbọ́ tí Aláriwo pa iná, tó sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó mọ̀ dáadáa pé ọ̀rọ̀ kan péré ni òun máa sọ tí ọkùnrin yẹn ò fi ní lọ, kò sì sọ ọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Aláriwo dé, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti wà ní kíká lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí àlejò. Màmá wà lórí àga rẹ̀, àwọn awakọ̀ ti tan ọkọ̀. Ẹlòmíràn ló po ti ọjọ́ yẹn. Àkọ́jáde bọ́ síta, ó pọ́n, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ọ̀gá bù ú. Ó dì í mú, kò fi sẹ́nu.

"Màmá, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Sọ ọ́."

"Mi ò jẹ ti àná. Kì í ṣe ti àná nìkan. Ó ti pẹ́ tí búrẹ́dì ilé yìí ti gba ọ̀fun mi kọjá kẹ́yìn, inú táwẹ̀lì ni mò ń tu ú sí. Mi ò mọ̀ bóyá ó níyọ̀ àbí kò ní. Aláriwo ò tan ẹnikẹ́ni jẹ, ó gbàgbé ni. Èmi ni mo purọ́."

Aláriwo ké lójijì, "Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ bá mi gbọ́ ọ! Ọ̀gá, ẹ ṣe mí o! Lálẹ́ àná, mi ò lè wo ojú ìyàwó mi!" Ó fi aṣọ iṣẹ́ bojú, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Má bínú, Aláriwo," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ gba ipò yìí lọ́wọ́ mi, Màmá. Kí Aláriwo máa jẹ àkọ́jáde. Ó tọ́ sí i."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, àbí? Ó jọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ronú pìwà dà. Ṣùgbọ́n Màmá kì í ṣe ẹran rírọ̀. Ó wo ègé tó wà lọ́wọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀, ó rí i bó ṣe nà án jìnnà sí ara rẹ̀ bí ẹni tó mú ejò nírù, ó sì mọ̀ pé nínú ìjẹ́wọ́ yẹn gan-an, ọkùnrin náà ń wá ọ̀nà tí kò fi ní jẹ ẹ́.

"Aláriwo, wọ aṣọ rẹ, kí o sì dárí jì mí, èmi ni mo ṣì ọ́ dá lẹ́jọ́," ni Màmá wí. "Ìwọ, ọmọ mi, ẹnu rẹ ló ba nǹkan jẹ́, ẹnu rẹ náà ló máa tún un ṣe. Jẹ ẹ́."

"Màmá, mi ò lè jẹ ẹ́."

"Mo gbọ́. A máa dúró." Ó wo àwọn awakọ̀. "Ẹ pa ọkọ̀."

Wọ́n pa á. Ọ̀gá fi ègé náà sẹ́nu. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí táwẹ̀lì lọ́rùn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kò fún un ní òmíràn. Búrẹ́dì kan ahọ́n rẹ̀, iyọ̀, bọ́tà, gbígbóná, ó sì dùn débi tí ojú rẹ̀ fi kún fómi, inú bí i pé ó dùn. Ọ̀fun rẹ̀ tì pa. Ní inú orí rẹ̀, òkè ti ń dìde, ìgòkè kan, òmíràn, òmíràn. Búrẹ́dì tó kù lórí tábìlì ń tutù. Awakọ̀ kan wúkọ́ họ̀ọ̀, ó ní, "Màmá, àwọn oníbàárà mi ti ń pè o."

"Sọ fún wọn pé ọ̀gá wa ṣì ń jẹun."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń ro wọ́n. Omi ojú ọkùnrin náà ń ṣàn lọ sínú irùngbọ̀n rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ ń mì, ó dúró, ó tún mì. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn rí i tí gògóńgò rẹ̀ gbéra sókè, tó sì wálẹ̀. Ó dùn ún bí ẹni tó gbé òkúta mì.

"Kí lo wí?" ni Màmá bi í.

"Ó jáde."

Àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́rù, inú wọn kò dùn, torí wọ́n ti pẹ́. Aláriwo so aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó kọjá níwájú ọ̀gá rẹ̀ láì wo ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbé Màmá dìde lórí àga, ó ní, "Lọ́la náà, a máa dúró." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀. Àṣé òótọ́ ni, ọ̀la wà. Ọ̀túnla náà wà. Ọkùnrin tó rò pé òun ti gun èyí tó ga jù, ó dúró ti ààrò.

Ìyàwó rẹ̀ wá dúró tì í. "Dádì, ṣé ẹ máa lọ sórí òkè lónìí?"

Irọ́ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tó lè fún un, gbogbo wọn ló sì máa dùn mọ́ ọn nínú. Búrẹ́dì náà jókòó sínú ikùn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń kà á, kò sì lè dá a dúró. "Mi ò mọ̀," ló sọ.

Ìyàwó mi orí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu fúláwà kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ó dáa. Bẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ pè mí, ká jọ lọ. Àmọ́ ìrìn la máa rìn o. Mi ò lè sáré."

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ nínú bàtà pẹlẹbẹ rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá òun ṣì lè rìn.